Ilẹ̀ wo ni kí a kọ́ ọgbà ìgbáradì sí? Ìdáhùn sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní Ìbàdàn

Ìbéèrè: Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa wà ní Ìbàdàn. Àwa mẹ́jọ la jọ dá a sílẹ̀, a ní agbábọ́ọ̀lù àgbà 26 àti àwọn ọ̀dọ́ bí 70 ní ìsọ̀rí ọjọ́ orí mẹ́ta. Ọ̀jọ́ọ̀, Ṣáṣá, Agbowó àti Bódìjà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé. Pápá ilé ìwé kan la ti ń lò, àwọn aláṣẹ ibẹ̀ sì ti ní kí a wá ibòmíràn. Ilẹ̀ mẹ́ta ló wà níwájú wa báyìí. Èkíní jẹ́ éékà 6 létí odò Ọ̀nà lápá Elẹ́yẹlé, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Èkejì jẹ́ éékà 12 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìṣẹ́yìn: mítà 300 láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, mítà 162 láti àríwá sí gúúsù, sáféyọ̀ wa sì ní ó ń fi bíi mítà 4 rẹlẹ̀ sí gúúsù ní gbogbo mítà 100. Òun ló wọ́n jù. Ẹ̀kẹta jẹ́ éékà 30 tí ẹbí kan fẹ́ fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, ó kọjá Aṣèjíre díẹ̀ ní ọ̀nà Ìkirè. Ẹni márùn-ún nínú wa ló fara mọ́ ti ọ̀fẹ́ yìí. Wọ́n ní Manchester United náà fi ìgboro sílẹ̀ lọ sí Carrington. Kí ni ẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Mo kí gbogbo ẹ̀yin mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kú iṣẹ́ takuntakun. Kí n má baà fi ọ̀rọ̀ dá yín dúró, èmi ì bá mú ilẹ̀ Mọ́níyà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni yóò gba owó lọ́wọ́ yín jù, ṣùgbọ́n n kò ní san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀ títí a ó fi mọ irú omi tó wà lábẹ́ rẹ̀, irú òkúta tó sùn sínú rẹ̀, àti ẹni tó ni ín ní tòótọ́. Ilẹ̀ Elẹ́yẹlé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sílẹ̀. Ti ọ̀fẹ́ ni n óò bá yín jà lé lórí, nítorí mo mọ̀ bí ó ti ń dùn mọ́ ìgbìmọ̀ tí owó kò tó lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi tí a ó kọ́ ọgbà ìgbáradì sí kì í ṣe irú ọ̀rọ̀ kan náà pẹ̀lú ibi tí a ó kọ́ pápá ìdíje sí, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ti ń ṣìnà. Ẹgbẹ́ tó wà ní liìgì àgbà orílẹ̀-èdè yìí, níbi tí ẹgbẹ́ 20 ti ń figa gbága, ń gba ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38 ní sáà kan, 19 péré ló sì ń gbà nílé. Èyí ni pé ẹ̀ẹ̀mọ́kàndínlógún péré lọ́dún ni àwọn ènìyàn ní láti dé pápá ìdíje, wọ́n sì lè fara da ọ̀nà jíjìn nítorí ayẹyẹ ni. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ yín bá ń gbára dì lọ́jọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 40, igba ọjọ́ ni wọn yóò fi rin ọ̀nà náà ní àlọ àti àbọ̀. Gbogbo náírà tí ẹ bá dá sí lórí iye owó ilẹ̀ lónìí, owó ọkọ̀ yóò gbà á padà lọ́wọ́ yín, kì í sì í ṣe owó ọkọ̀ nìkan: ẹsẹ̀ tó rẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ tó pẹ́ dé, ìyá tó ní kí ọmọ òun má lọ mọ́ nítorí ó ń délé lóru.

Carrington tí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín mẹ́nu bà kò bá ọ̀rọ̀ wọn mu tó bí wọ́n ti rò. Lóòótọ́ ni Manchester United kúrò ní The Cliff ní Salford lọ sí Carrington lọ́dún 2000, tí àwọn ọ̀dọ́ wọn sì tẹ̀ lé wọn lọ sí ibẹ̀ lọ́dún 2002. Ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ há, ojú òde sì ti pọ̀ jù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n agbábọ́ọ̀lù tó ń lọ sí Carrington ní mọ́tò tirẹ̀, ọ̀nà tó dára sì ni mọ́tò náà ń gbà. Ẹ tún wo aládùúgbò wọn, Manchester City. Àwọn náà wà ní Carrington rí, ṣùgbọ́n lọ́dún 2014 wọ́n kó padà wá sí ìgboro, sí ẹ̀gbẹ́ pápá ìdíje wọn gan-an, lórí ilẹ̀ éékà 80 tí ilé iṣẹ́ kẹ́míkà ti bà jẹ́ rí. Wọ́n ná owó ńlá láti fọ ilẹ̀ náà mọ́, wọ́n sì ṣe afárá tó so ó mọ́ pápá ìdíje. Real Madrid ní tiwọn ta ọgbà àtijọ́ tí wọ́n ní láàárín ìlú lọ́dún 2001, àwọn ilé gogoro ló sì dúró síbẹ̀ lónìí. Ní Valdebebas, nítòsí pápákọ̀ òfurufú ìlú náà, ni wọ́n kó lọ lọ́dún 2005. Owó ilẹ̀ ìgboro tí wọ́n tà ni ó gbé wọn débẹ̀. Ẹ̀yin kò ní ilẹ̀ ìgboro tí ẹ ó tà.

Nínú gbogbo àwọn ẹgbẹ́ ńlá wọ̀nyí, èyí tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́ ẹ̀kọ́ lára rẹ̀ ni Liverpool. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àgbà wọn wà ní Melwood, àwọn ọ̀dọ́ sì wà ní Kirkby. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020 ni wọ́n kó gbogbo wọn pọ̀ sí Kirkby, kí ọmọ ọdún 17 lè máa rí ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ dà bí rẹ̀ lójoojúmọ́. Ìsọ̀rí ọ̀dọ́ mẹ́ta ló wà lọ́dọ̀ yín, àwọn 70 yìí ni ọjà tí ẹ ó tà lọ́la, nítorí náà ibi tí ọwọ́ wọn bá ti tó ọgbà ni ọgbà yóò wà.

Mo fẹ́ kí ẹ ṣe ohun kan kí ẹ tó tún jókòó sípàdé. Ẹ mú máàpù Ìbàdàn tó tóbi, ẹ fi abẹ́rẹ́ olórí pupa gún ilé agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan sórí rẹ̀, àti ọmọ àti àgbà. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tí iṣẹ́ wà, kí ẹni mẹ́ta gbéra láti Ọ̀jọ́ọ̀, Agbowó àti Bódìjà ní aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán lọ sí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nínú ọkọ̀ akérò tí ọmọ náà yóò wọ̀, kì í ṣe nínú jíìpù alága. Kí wọ́n kọ iye àkókò sílẹ̀, kí wọ́n kọ iye owó, kí wọ́n sì tún ṣe àbọ̀ ní aago mẹ́fà ààbọ̀. Láti Ọ̀jọ́ọ̀ dé Mọ́níyà, ọ̀nà tààrà ni, ọkọ̀ sì ń ná an láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹni tó ń bọ̀ láti apá Mọ́kọ́lá pàápàá kò ní rìn ju nǹkan bí kìlómítà 15 lọ kó tó dé Mọ́níyà. Ẹni tó ń lọ sí ìkọjá Aṣèjíre ní láti la Ìwó Róòdù kọjá ná, kó tún rin nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà lójú ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ àjàgbé ń ná, kó sì padà lójú ọ̀nà yẹn kan náà nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú. Èmi kò ní fi ọmọ tèmi ránṣẹ́ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún lọ́sẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé Remo Stars wà ní Ìkẹ́nẹ́, Ìkẹ́nẹ́ kì í ṣe ìlú ńlá, síbẹ̀ wọ́n gba ife liìgì ní sáà 2024 sí 2025. Òótọ́ ni, ẹgbẹ́ náà sì jẹ́ àpẹẹrẹ tí mo máa ń fi han gbogbo ẹni tó bá bi mí léèrè. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ti ṣe é. Wọ́n kó pápá ìdíje, pápá ìgbáradì, ibùgbé agbábọ́ọ̀lù àti ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pè ní Beyond Limits jọ sójú kan, ẹni tó ń ná owó sí i, Kúnlé Ṣónámẹ̀, sì ní agbára débi pé ó ra ìpín tó pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ Feirense ní ilẹ̀ Pọtogí lọ́dún 2015. Ìlú tí wọ́n wà kì í ṣe aginjù; ìlú ilé ìwé ni, níbi tí Tai Solarin ti dá Mayflower sílẹ̀ láti ọdún 1956. Bí ẹ bá lọ sí ìkọjá Aṣèjíre, ẹ̀yin náà ní láti kọ́ ibùgbé fún 70 ọmọ, kí ẹ gba alásè, olùtọ́jú àti ọlọ́dẹ, kí ẹ wá ilé ìwé tí yóò gbà wọ́n, kí ẹ sì rí òbí tí yóò jẹ́ kí ọmọ ọdún 13 lọ máa gbé lọ́hùn-ún. Ìgbà yẹn, ilẹ̀ ọ̀fẹ́ ti di ilẹ̀ tó wọ́n jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ti Elẹ́yẹlé, nítorí kò gba àríyànjiyàn. Ìbàdàn mọ ohun tí odò ń ṣe. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, Ògùnpa kún, ó sì kó ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò ọjọ́ kan ṣoṣo gbé afárá lọ ní apá Apẹ̀tẹ̀, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó bá a lọ. Odò Ọ̀nà àti ìsédò Elẹ́yẹlé wà lára ibi tí ọwọ́ rẹ̀ le jù. Lẹ́yìn èyí ni Báńkì Àgbáyé ya ìjọba ní 200 mílíọ̀nù dọ́là láti dènà omíyalé ní ìlú náà, ìsédò Elẹ́yẹlé sì wà lára ohun tí wọ́n tún ṣe. Ìyẹn kò sọ etíbèbè odò di orí òkè. Àwọn kan yóò sọ fún yín pé pápá bọ́ọ̀lù ni nǹkan tí ó tọ́ sí ilẹ̀ àkúnya, pé omi yóò wá, yóò sì lọ. Ó tọ̀nà bí pápá bá jẹ́ ilẹ̀ gbalasa tí ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀. Kò tọ̀nà fún pápá tí a ti tẹ́ páìpù sábẹ́ rẹ̀, tí a da yanrìn sí, tí a sì gbin koríko tí a rà sórí rẹ̀: àkúnya kan ṣoṣo yóò fi ẹrẹ̀ dí páìpù, yóò sì bo koríko pa. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, éékà 6 jẹ́ bíi mítà onígun mẹ́rin 24,300, tí ẹ bá sì yọ ààyè tí kò yẹ kí a kọ́ ohunkóhun sí létí odò kúrò nínú rẹ̀, bóyá ni pápá kan àti ààbọ̀ yóò fi wọ inú ìyókù.

Ti ẹ̀bùn wá kù. Nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ "a fún wọn nílẹ̀" ní ìtumọ̀ méjì, àwọn ilé ẹjọ́ wa sì ti gbọ́ ọ̀pọ̀ ẹjọ́ lórí ìyàtọ̀ àárín méjèèjì. Baba kan lè fún àlejò nílẹ̀ kí ó fi dáko, kí àlejò máa san ìṣákọ́lẹ̀ tàbí kó máa mú ẹmu àti obì wá lọ́dọọdún, ilẹ̀ náà kò sì kúrò lọ́wọ́ ẹbí láéláé. Nígbà tí baba yẹn bá kú, tí ìlú bá sì fẹ̀ dé ibẹ̀, àwọn ọmọ yóò sọ pé yíyá ni a yá wọn, a kò fi ta wọ́n lọ́rẹ. Òfin sì ti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ pé bí ọmọ ẹbí kan bá dá ta ilẹ̀ ẹbí láìjẹ́ pé olórí ẹbí mọ̀, òfo ni. Bí olórí ẹbí bá sì dá a ṣe láìsí àwọn àgbà ìdílé kọ̀ọ̀kan, wọ́n lè gbé e lọ sí kóòtù kí a fagi lé e. Nítorí náà, ẹni tó wá bá yín pẹ̀lú ẹ̀bùn yìí, ta ni ó jẹ́ nínú ẹbí? Ojúlé mélòó ló wà nínú ẹbí náà, ta ni ó sì ti gbẹnu fún ojúlé kọ̀ọ̀kan? Ẹ̀bùn tó lè dúró ni èyí tí a kọ sínú ìwé ìfitọrẹ, tí gbogbo àwọn wọ̀nyí fọwọ́ sí, tí a sì fi àwòrán ilẹ̀ tí sáféyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ yà sínú rẹ̀.

Ohun mìíràn wà tí n kò rí kí ẹ mẹ́nu bà nínú ìwé yín. Ọ̀nà Ìkirè tó kọjá Aṣèjíre ti wọ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà ibẹ̀, nítorí náà Òṣogbo ni ẹ ó ti máa wá C of O yín, ìyẹn ìwé àṣẹ ìní ilẹ̀ tí gómìnà ń fọwọ́ sí, kì í ṣe Agodi, ẹgbẹ́ yín sì jẹ́ ti Ìbàdàn. Kì í ṣe èèwọ̀, ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé ọgbà yín yóò wà lábẹ́ ìjọba kan, orúkọ yín yóò sì wà lábẹ́ èkejì, ìrànwọ́ èyíkéyìí tí ìjọba Ọ̀yọ́ bá fẹ́ ṣe fún yín, bíi títún ọ̀nà ṣe tàbí gbígbé iná wá, kò ní lè kọjá ààlà.

Bí ilẹ̀ bá tóbi, ó dára lójú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba éékà 30 ní láti mọ ògiri yí i ká. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́rin dọ́gbadọ́gba, ògiri rẹ̀ kò ní dín ní mítà 1,390. Ti Mọ́níyà jẹ́ mítà 924. Bí ẹ kò bá mọ ọ́n, ilẹ̀ tí a kò lò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ní olówó mìíràn láàárín ọdún méjì, màlúù yóò sì rí koríko yín kí ẹ̀yin tó rí i. Mo ti dúró lórí pápá kan ní òwúrọ̀ kùtù tí agbo màlúù ti sùn mọ́jú lórí rẹ̀, tí koríko tí wọ́n fi oṣù mẹ́rin tọ́ ti wọ inú wọn tán. N kò mọ ohun tí mo lè sọ fún ọkùnrin tó ń tọ́jú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wo Mọ́níyà dáadáa, nítorí òun náà kò rọrùn bí ó ti rí lójú. Ohun tó kọ́kọ́ mú mi fẹ́ràn rẹ̀ ni ìrísí rẹ̀. Pápá tí ó bá ìdíwọ̀n FIFA mu jẹ́ mítà 105 ní gígùn àti 68 ní fífẹ̀. Bí a bá fi mítà 5 sílẹ̀ yí i ká fún ẹni tó bá sáré kọjá ìlà, ó di 115 sí 78, èyí tó jẹ́ bíi éékà méjì àti díẹ̀. Ó yẹ kí pápá dojú kọ àríwá àti gúúsù, nítorí aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ẹ ó máa lò ó jù, bí ilé góòlù bá sì kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, oòrùn yóò fọ́ aṣọ́lé lójú ní gbogbo ọjọ́ ọ̀gbẹlẹ̀. Ilẹ̀ yín jẹ́ mítà 162 láti àríwá sí gúúsù, nítorí náà 115 wọ inú rẹ̀. Ó jẹ́ 300 ní ìbú kejì, pápá mẹ́ta tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn yóò sì gba 234. Mítà 66 yóò kù ní ẹ̀gbẹ́ kan fún ilé ìmúra, ilé ìdáná, ibi ìgbọ́kọ̀sí àti táńkì omi, mítà 47 yóò sì kù ní gbogbo ìbú ilẹ̀ náà fún pápá kékeré ti àwọn aṣọ́lé àti ọ̀nà tí tipà yóò máa gbà. N kì í sábà rí ilẹ̀ tó bá iṣẹ́ mu tó báyìí láìjẹ́ pé ẹnìkan fi ọgbọ́n gé e.

Pápá mẹ́ta yẹn kì í ṣe àṣejù. Ẹgbẹ́ mẹ́rin lẹ ní, àgbà kan àti ọ̀dọ́ mẹ́ta. Bí ìkọ̀ọ̀kan bá gbára dì lẹ́ẹ̀márùn-ún lọ́sẹ̀ fún wákàtí kan àti ààbọ̀, wákàtí 30 ni. Bí ẹ bá dà á lé pápá kan ṣoṣo lórí, kó tó di oṣù kẹta ilẹ̀ pupa ni yóò kù níwájú ilé góòlù méjèèjì. Bí pápá bá jẹ́ méjì, ìkọ̀ọ̀kan yóò ru wákàtí 15, ó sì lè fara dà á bí ìtọ́jú bá wà. Ẹ̀kẹta wà fún ìsinmi: nígbà tí ẹ bá ń tún ọ̀kan gbìn, méjì á máa ṣiṣẹ́.

Ìṣòro ilẹ̀ náà ni pé ó da gẹ̀ẹ́rẹ́. Mítà 4 nínú 100 kò pọ̀ lójú ẹni tó ń rìn, ṣùgbọ́n ní gígùn pápá kan ó di mítà 4.6 láti òkè dé ìsàlẹ̀. Pápá tó dára kò yẹ kó rẹlẹ̀ ju mítà kan nínú 100 lọ, kí omi lè máa ṣàn kúrò lórí rẹ̀ láìjẹ́ pé bọ́ọ̀lù ń yí lọ fúnra rẹ̀. Ẹ ní láti gé òkè kí ẹ fi kún ìsàlẹ̀, mo sì ṣírò pé erùpẹ̀ tí katakata yóò tì kúrò lórí pápá kan ṣoṣo yóò tó bíi mítà kúbíkì 3,900. Bí ó bá jẹ́ erùpẹ̀ lásán, iṣẹ́ ọjọ́ mélòó kan ni. Bí ó bá jẹ́ òkúta, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Òkúta líle àtayébáyé ló wà lábẹ́ Ìbàdàn, ó sì máa ń sùn sí mítà kan péré sílẹ̀ níbi tí koríko ti hù dáadáa lórí rẹ̀. Mo mọ ẹgbẹ́ kan tó ra ilẹ̀ kó tó gbẹ́ kòtò kankan. Katakata kọ lu òkúta ní ọjọ́ kejì, wọ́n sì ní láti kó erùpẹ̀ wá láti ìta láti fi gbé gbogbo pápá sókè. Owó pápá mẹ́ta ni wọ́n ná sórí ẹyọ kan. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bẹ onílẹ̀ kí ó jẹ́ kí ẹ gbẹ́ kòtò àyẹ̀wò mẹ́wàá, mítà méjì sísàlẹ̀ níhà ìsàlẹ̀ ilẹ̀ náà, mítà méjì ààbọ̀ níhà òkè tí a ó ti gé e. Ẹni tó bá kọ̀ fún yín mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, ẹ rí i pé wọ́n kọ́kọ́ ha erùpẹ̀ dúdú orí ilẹ̀ jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí wọ́n tó gé ohunkóhun, kí wọ́n sì tẹ́ ẹ padà sókè ní ìgbẹ̀yìn. Àwọn agbaṣẹ́ṣe tó ń kánjú máa ń rì í mọ́lẹ̀, wọn a wá tún ta òmíràn fún ẹni tó ni ín. Ìhà tí a fi erùpẹ̀ kún gbọ́dọ̀ jẹ́ títẹ̀ ní ìpele ìpele, kí òjò ọdún kan sì rọ̀ sórí rẹ̀ kí a tó gbin koríko, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò jìn wọlé níbi kan, kókósẹ̀ àwọn ọmọ ni yóò sì kọ́kọ́ mọ̀.

Omi ló kù, òun ni mo sì ń bẹ̀rù jù níbẹ̀. Koríko Bermuda, tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní Bahama, fẹ́ràn oòrùn Ìbàdàn, ó sì máa ń rá pálá bo ilẹ̀ kíákíá, ṣùgbọ́n láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta kò sí òjò tí yóò bọ́ ọ. Bí ẹ bá fún pápá kan ní omi tó jìn ní mìlímítà 5 péré, lítà 35,700 ni. Bí ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún pápá mẹ́ta, ó lé ní lítà 320,000, èyí tó tó ọkọ̀ táńkà oní-lítà 10,000 méjìlélọ́gbọ̀n. Kò sí ẹgbẹ́ kékeré tó lè máa ra omi bẹ́ẹ̀. Kànga dẹ̀rọ ni ọ̀nà àbáyọ, ṣùgbọ́n inú ibi tí òkúta abẹ́ ilẹ̀ ti là tàbí tó ti jẹrà ni omi ń sá pamọ́ sí ní Ìbàdàn, débi pé aládùúgbò méjì tí ògiri kan ṣoṣo pín níyà lè gbẹ́ kànga, kí ọ̀kan rí omi, kí èkejì rí eruku. Ẹ gba ẹni tó ń fi ẹ̀rọ wá omi lábẹ́ ilẹ̀, kí ó tọ́ka ibi méjì ó kéré tán, kí ẹ sì gbẹ́ ọ̀kan ní oṣù kejì tàbí ìkẹta, nígbà tí omi abẹ́ ilẹ̀ bá ti lọ sísàlẹ̀ jù, kí wọ́n fa omi rẹ̀ fún wákàtí 24 láìdáwọ́ dúró kí ẹ mọ iye tí ó ń mú jáde. Kànga tó kún ní oṣù kẹsàn-án kò sọ nǹkankan fún wa. Nípa ti omi nìkan ni ilẹ̀ Aṣèjíre fi lè borí èyí, nítorí ilẹ̀ odò Ọ̀ṣun ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé omi ìsédò kì í ṣe ohun tí a kàn ń fa láìgbàṣẹ.

Ní ti ìwé ilẹ̀, ẹ mú àwòrán sáféyọ̀ yẹn lọ sí ọ́fíìsì àgbà sáféyọ̀ ìpínlẹ̀, kí wọ́n bá yín wò ó bóyá ìjọba ti gba apá kan níbẹ̀. Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìṣẹ́yìn, tó jẹ́ kìlómítà 65, ni ìjọba tún ṣe láìpẹ́ yìí. Ibùdó ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn wà ní Mọ́níyà láti ọdún 2021. Ọ̀nà àyíká tó jẹ́ kìlómítà 110, tí wọ́n fi sọrí Sẹ́nétọ̀ Ràṣídì Ládọjà, sì fẹ́ yí gbogbo Ìbàdàn po. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ló mú kí ilẹ̀ ibẹ̀ wọ́n, àwọn náà ló sì lè mú kí ìjọba nílò rẹ̀. Òfin ọdún 1978 fún gómìnà láṣẹ láti gba ilẹ̀ padà fún àǹfààní gbogbogbòò, owó ohun tí ẹ bá kọ́ sórí rẹ̀ ló sì ń san. Pápá tí a kò tíì gbin koríko sí kò ní iye kan lójú ẹni tó ń ṣírò. Ẹ tún lọ sọ́dọ̀ mọ́gàjí ẹbí tó ta á fún ẹni tó fẹ́ tà á fún yín. Kí ẹ má sì fi orúkọ alága yín kọ ìwé náà, bó ti wù kó jẹ́ olóòótọ́ tó. Ẹ forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Àjọ tó ń rí sí Ìforúkọsílẹ̀ Ilé-iṣẹ́, CAC, pẹ̀lú àwọn alámòójútó, kí ilẹ̀ náà jẹ́ ti ẹgbẹ́. Ọmọ olóògbé kan kò ní ojú ìtìjú tí ó bá kan ogún bàbá rẹ̀.

Bí gbogbo àyẹ̀wò bá yọrí sí rere, ògiri ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ, kí ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú kànga, lẹ́yìn náà pápá ààrin, àti ilé ìmúra kékeré tó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti omi ìwẹ̀. Gbọ̀ngàn, ọ́fíìsì alága, àmì ẹgbẹ́ lẹ́nu géètì, gbogbo ìyẹn lè dúró dìgbà tí pápá kejì bá parí. Iná alẹ́ náà lè dúró; ẹ kàn tẹ́ páìpù wáyà rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta koríko oníke fún yín ní ọdún àkọ́kọ́: nínú oòrùn aago méjì ọ̀sán, ó ń gbóná ju koríko tòótọ́ lọ lọ́nà tí ẹsẹ̀ ọmọ kò lè fara dà.

Bí òkúta bá sì pọ̀ jù, tàbí tí kànga náà kò bá mú omi tó lítà 50,000 wá lójúmọ́ ní oṣù kẹta, ẹ fi ilẹ̀ yẹn sílẹ̀, kí ẹ wá òmíràn láàárín Ọ̀jọ́ọ̀ àti Akínyẹlé, bó tilẹ̀ jẹ́ éékà 8 tí yóò gba pápá méjì. Ní ti ẹbí tó fẹ́ fún yín ní ilẹ̀ Aṣèjíre, kí àgbà méjì nínú yín lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fúnra wọn, kí ẹ má fi fóònù ṣe é.